Ta Ni Yóò Jíhìn? Ẹ̀kọ́ Lórí Iṣẹ́ Ìtọ́jú Tí Nọ́ọ̀sì Gbé Lé Ẹlòmíràn Lọ́wọ́

Ní oṣù yìí, iṣẹ́ kan ni a fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, iṣẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń ṣe, tí àwọn mìíràn sì fẹ́ lọ kọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni. Kì í ṣe ti dókítà ni a ní lọ́kàn, kì í sì í ṣe ti nọ́ọ̀sì nìkan. Ẹni tí nọ́ọ̀sì yóò pè pé, "Wá bá mi wẹ bàbá yìí, wá bá mi wo ìgbóná ara ìyá yìí, máa lọ sí ilé wọn láràárọ̀ kí o máa pààrọ̀ aṣọ ojú egbò wọn," ẹni náà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, àti nọ́ọ̀sì tí ó rán an níṣẹ́.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà wá ni pé ó ti wọ inú ilé wa ní Ìbàràpá. Ọmọ kan wà ní Èkó, ọmọ kan wà ní Ìbàdàn, òmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù; ìyá wọn wà ní Ìdèrè, rọpárọsẹ̀ sì ti kọlù ú. Àwọn ọmọ gba ọmọbìnrin kan pé kí ó máa tọ́jú ìyá. Ilé ìwòsàn dá ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà ìtọ̀ lára àti oògùn nínú ọ̀rá. Nọ́ọ̀sì bá ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó di ilé. Láti ọjọ́ náà lọ, bí egbò bá yọ ní ìdí ìyá, tàbí bí ìtọ̀ kò bá wá mọ́, ta ni a ó bi léèrè? Ṣé ọmọbìnrin náà ni? Ṣé nọ́ọ̀sì ni? Ṣé àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ ni?

Sọbìà ní Ìdèrè

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ní ilé-kéwú lónìí kò mọ sọbìà. Inú òwe ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, pé bí sọbìà yóò bá degbò, olúgàńbe là á ké sí. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé sọbìà ni wọ́n fi ń mọ Ìdèrè láàárín àwọn onímọ̀ ìṣègùn. Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn wá jókòó tì wá láti kọ́ nípa rẹ̀, orúkọ ìlú wa sì wọ inú ìwé ìmọ̀ káàkiri ayé nítorí kòkòrò yìí. Orúkọ náà kì í ṣe orúkọ ìyìn nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde pọ̀.

Omi adágún ni àwọn ènìyàn ń mu. Nínú omi náà ni kòkòrò tíńtín kan wà tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, òun ni ó gbé ọmọ sọbìà sínú. Ẹni tí ó bá mu ún kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò tí ó lè gùn tó mítà kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, lẹ́sẹ̀ ni ó pọ̀ jù, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àgbẹ̀ kò ní lè dé oko, ọmọ kò ní lè dé ilé ìwé. Bí aláìsàn bá sì ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè rí ìtura, kòkòrò náà yóò tú àwọn ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, àìsàn ọdún tí ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Títí di òní, kò sí oògùn tí ó ń wo sọbìà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn nìkan ni ó lè lé e lọ: kí á sẹ́ omi kí á tó mu ún, kí á wẹ ojú egbò kí á sì dì í, kí ẹni tí ó ní in má wọ inú odò.

Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Igbó-Ọrà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì mélòó ni yóò máa rin gbogbo abà Ìdèrè láti máa di ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀? Ní ìparí àwọn ọdún 1970 wọ inú àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìlera ní Yunifásítì Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní kí àwọn ará abà fúnra wọn yan ènìyàn láàárín ara wọn, wọ́n sì kọ́ àwọn tí a yàn ní iṣẹ́ ìlera kéékèèké. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti pé jọ ní ìlú Alma-Ata, wọ́n ti fi ẹnu kò pé bí ìlera yóò bá dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, àfi kí á pín iṣẹ́ rẹ̀ kan àwọn ará ìlú.

Ẹ wo irú iṣẹ́ tí à ń gbé lé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ sọbìà: kí ó fọ ojú egbò, kí ó fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ó kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan bí wọn yóò ṣe máa fi asẹ́ sẹ́ omi, kí ó ka iye ẹni tí ó ní in, kí ó sì sọ fún ẹni tí ń bọ̀ wá bẹ iṣẹ́ wò. Ẹ sì wo ohun tí a kò gbé lé e lọ́wọ́. Bí ẹsẹ̀ bá wú tí ó gba ọyún, bí ẹnu aláìsàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í le tí kò ṣeé là, kì í ṣe òun ni yóò pinnu ohun tí a ó ṣe. Ilé ìwòsàn ni yóò darí rẹ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ní sọbìà ní gbogbo Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní in gbẹ̀yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwé ẹ̀rí hàn pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ìjọba ṣe tirẹ̀, àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè ṣe tiwọn, omi tí wọ́n gbẹ́ náà ṣe tirẹ̀. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni du ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń di egbò láti abà dé abà, tí ó sì ń kà á, kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ ti àkọ́kọ́. Àrùn afọ́jú etí odò, tí eṣinṣin dúdú kékeré ń gbé kiri, ní oògùn tí ilé iṣẹ́ Merck ti ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1987. Láti àárín àwọn ọdún 1990, àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n gbé pípín oògùn yìí lé lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń pín in kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ènìyàn. Ọ̀pá ni wọ́n fún un, ọ̀pá tí wọ́n fi àmì sí lára. Ibi tí orí rẹ bá dé lára ọ̀pá ni yóò sọ bóyá kóró kan ni ìwọ yóò gbé mì tàbí méjì, títí dé mẹ́rin. Ọmọ tí kò bá ga tó 90 sẹ̀ǹtímítà kò gbà á, aláboyún kò gbà á, ẹni tí àìsàn dá wólẹ̀ kò gbà á.

Ẹ dúró lórí ọ̀pá yìí díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tí ó mọ̀wé ti jókòó, ó ti ronú, ó ti fi ìrònú rẹ̀ sára igi. Ohun tí ó gbé lé ará abúlé lọ́wọ́ ni wíwọ̀n àti pípín. Ìdájọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó gé ọ̀pá ni ó ti dá a tán. Bí ọ̀pá bá ṣì í, ta ni a ó bi? Ẹni tí ó gé ọ̀pá ni. Bí ẹni tí ń pín in kò bá lo ọ̀pá, tí ó ń fi ojú wọn ènìyàn, òun ni a ó bi.

Wakála àti àmáánà

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé òfin ẹ̀sìn dé ibi òwò ti pàdé orí kan tí à ń pè ní wakála, èyíinì ni kí ènìyàn fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀ nínú iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ kò sọ pé gbogbo nǹkan ni ó ṣeé fi rán ni. Ìrun wákàtí márùn-ún kò ṣeé fi rán ni, kò sí ẹni tí yóò bá wa kí i. Sàká ṣeé fi rán ni láti pín, ẹran iléyá ṣeé fi rán ni láti pa. Wọ́n sì sọ pé ẹni tí a rán kò gbọdọ̀ tún rán ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an.

Nígbà Hájì Ìdágbére, ní ọdún kẹwàá Hijira, Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ní ràkúnmí 100 tí wọn yóò pa. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa 63, ó sì gbé ìyókù lé Alíyù lọ́wọ́. Kò kàn sọ fún un pé kí ó bá òun parí rẹ̀. Ó sọ bí yóò ṣe pín ẹran, awọ, àti aṣọ ẹ̀yìn àwọn ràkúnmí náà fún àwọn aláìní, ó sì sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe: kò gbọdọ̀ fún ẹni tí ó pa ẹran ní nǹkan kan lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé Alíyù kì í ṣe ẹni tí a mú lójú ọ̀nà. Ẹ sì kíyè sí i pé a sọ ohun tí yóò ṣe fún un, a sì sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Àwọn tí ń gbé iṣẹ́ lé ni lọ́wọ́ sábà máa ń gbàgbé èyí èkejì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí Abú Dáúdà, Nàsáì àti Ibnu Májà gbà wá, tí ó kan iṣẹ́ ìwòsàn gan-an. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn fún ènìyàn, tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ohun tí ó bá bàjẹ́ wà, òun ni yóò san án. Kò sọ pé bí ó bá ní èrò rere, a ó fojú fò ó. Àwọn tí ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ nítorí pé "a ti rí bí wọ́n ṣe ń fún un" ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ kékeré ni iṣẹ́ ìtọ́jú. Nígbà ogun Kòtò, tí ọfà ba Sáádù ọmọ Muádhù, inú àgọ́ obìnrin kan tí à ń pè ní Rufayda, ará ẹ̀yà Aslamu, ni Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí wọ́n gbé e lọ. Inú mọ́sáláṣí ni àgọ́ náà wà. Ẹni tí ó ń nu ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ni wọ́n fún ní àyè nínú ilé Ọlọ́hun.

Ohun tí nọ́ọ̀sì lè gbé lé ni lọ́wọ́

Àwọn àjọ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kó ọ̀rọ̀ yìí jọ sí ọ̀nà márùn-ún tí ó rọrùn láti há sórí: kí iṣẹ́ náà jẹ́ irú èyí tí ó ṣeé gbé fún ni, kí ipò tí aláìsàn wà gbà á, kí ẹni tí a gbé e fún tó o ṣe, kí àlàyé yé e, kí ẹni tí ó rán an sì padà wá wò ó. Wọ́n tún fi kún un pé ẹni tí a gbé iṣẹ́ fún kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Nígbà tí a kà á, ó dà bí ìgbà tí à ń ka orí wakála.

Wíwẹ aláìsàn, fífún un ní oúnjẹ, yíyí i padà lórí ibùsùn, títẹ́ ibùsùn, dída ìtọ̀ inú àpò nù kí á sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìgbóná ara, gbogbo ìwọ̀nyí ṣeé gbé fún olùrànlọ́wọ́ tí a ti kọ́. Ohun tí kò ṣeé gbé ni ìdájọ́. Nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ yẹ aláìsàn wò, òun ni yóò ṣètò ìtọ́jú, òun ni yóò sì sọ bóyá ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kí ni nọ́ńbà náà túmọ̀ sí fún aláìsàn yìí lónìí? Nọ́ọ̀sì ni yóò dáhùn. Nítorí náà ni nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ pé "máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn" lásán. Yóò ní, "Wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Bí nọ́ńbà òkè bá kọjá iye tí mo kọ síbí, pè mí lójú ẹsẹ̀, má dúró di ìrọ̀lẹ́." Ó ti fún un ní ọ̀pá.

Ọ̀rọ̀ ipò yìí ni ó máa ń ṣòro jù, nítorí pé iṣẹ́ kan náà lè jẹ́ iṣẹ́ ọmọdé fún aláìsàn kan, kí ó sì jẹ́ ewu fún ẹlòmíràn. Fífún ni ní ẹ̀kọ mu, kí ni ó le níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù lè má lè gbé nǹkan mì dáadáa. Ẹ̀kọ yóò gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn mìíràn yóò sì dé. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ń gbé nǹkan mì, kí a tó fi síbí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Gígé èékánná ńkọ́? Bí ìyá bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ọgbẹ́ kékeré lẹ́sẹ̀ lè di ohun tí wọn yóò fi gé ẹsẹ̀.

A ó sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí egbò àdùbúlẹ̀, nítorí òun ni ó ń pa àwọn arúgbó wa nínú ilé tí a kò mọ̀. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ìwúwo ara rẹ̀ ni ó ń tẹ ẹran ara rẹ̀ mọ́ egungun, níbi ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní ráyè kọjá. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ni ni pé kí á máa yí i padà ní bíi wákàtí méjì méjì, kí ara rẹ̀ gbẹ, kí aṣọ ibùsùn má ká jọ sábẹ́ rẹ̀. Ìwé àwọn òyìnbó sábà máa ń sọ pé kí á wò ó bí ara bá ti ń pọ́n. Lára àwa adúláwọ̀, pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọwọ́ ni kí a fi wò ó: bí ibẹ̀ bá gbóná ju ibi tó kù lọ, tàbí tí ó le, tàbí tí ó rọ̀ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, tàbí tí ó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí tí ó ń dun aláìsàn, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tí kò ka ìwé mẹ́fà lè mọ èyí bí a bá fi ọwọ́ rẹ̀ kàn án hàn án lẹ́ẹ̀kan. Bí a kò bá fi hàn án, ìgbà tí ó bá ti ń rùn ni yóò tó mọ̀.

Ẹni tí ó wọ aṣọ funfun

Ọ̀rọ̀ tí ó kan wa lára ni èyí tí ó kàn yìí. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn aládàáni káàkiri ìpínlẹ̀ wa, wọ́n máa ń gba ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìwé girama, wọn yóò wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, wọn yóò kọ́ ọ bí a ti ń fún ni lábẹ́rẹ́ àti bí a ti ń fi omi sí ni lára, wọn yóò sì máa pè é ní nọ́ọ̀sì. Auxiliary ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Òfin Nàìjíríà tí ó dá ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ ní 1979 kò mọ̀ wọ́n ní nọ́ọ̀sì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ́jísítà ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ì báà ti wọ aṣọ funfun fún 20 ọdún.

Ọ̀tọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé tí à ń rí ní sẹ́ńtà ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ má dà wọ́n pọ̀. Àwọn wọ̀nyí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, irú èyí tí ó wà ní Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn tí òfin dá sílẹ̀ ní 1992, wọ́n sì ní ìwé ìlànà tí ó wà lọ́wọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́. Bí aláìsàn bá ní àmì báyìí, ṣe báyìí. Bí ó bá ní àmì tọ̀hún, má fọwọ́ kàn án, darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ìwé yìí náà, ọ̀pá ni. Ní 2014, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà kan tí ó pín iṣẹ́ tí ó ti jẹ́ ti dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan tẹ́lẹ̀ kan àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí, nítorí pé nọ́ọ̀sì kò tó. Pínpín iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a pín in láìsí ẹ̀kọ́, láìsí ọ̀pá, láìsí ẹni tí yóò padà wá wò ó.

Ní ìdí ọmọ kékeré, iṣan ńlá kan wà tí ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá bà á, ẹsẹ̀ ọmọ náà lè má lè gbéra dáadáa mọ́, yóò máa wọ́ ọ nílẹ̀. Àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣé ọmọbìnrin tí a rán ni ó jẹ̀bi? Ó jẹ̀bi tirẹ̀, nítorí ó gba iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹni tí ó gbé abẹ́rẹ́ fún un kí ó má bàa san owó oṣù nọ́ọ̀sì, ẹjọ́ tirẹ̀ pọ̀ ju ti ọmọbìnrin náà lọ. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a kò ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí kí ebi máa pa yín. Wíwẹ, yíyípadà, títẹ́ ibùsùn, ẹ máa ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fún ọmọ lábẹ́rẹ́, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì kọ́ ọ." Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá tí ó wà ní Ìdèrè

Láti oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba ìlú Ọba ti ń fún àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ kéà ní físà, títí di oṣù keje ọdún 2025 tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ti òkèèrè wá. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó gba ọ̀nà yìí lọ kò kéré. Níbẹ̀, òfin iṣẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì pé bí ó bá gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, òun ni yóò jíhìn ìpinnu náà: ṣé ẹni náà tó o ṣe, ṣé ó yé e, ṣé iṣẹ́ náà dára bí ó ti yẹ. Ní England, nọ́ọ̀sì lè kọ́ òṣìṣẹ́ kéà kan láti máa fún aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà ní abẹ́rẹ́ insulin nínú ilé, ṣùgbọ́n fún aláìsàn kan pàtó ni, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti wò ó níṣojú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn mìíràn, àṣẹ náà kò bá a débẹ̀.

Ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: aago tí ó yí ìyá òyìnbó padà, ìwọ̀n omi tí ó mu, bí ara rẹ̀ ti rí. Kò tó bẹ́ẹ̀ kí ó kúrò nínú ilé láìkọ ọ́. Ìyá tirẹ̀ ní Ìdèrè ńkọ́? Kò sí ìwé kankan. Orí fóònù ni à ń bi ọmọbìnrin náà pé, "Ṣé ara mama ti le?" òun náà yóò ní, "Ara wọn le, a dúpẹ́." Èyí kì í ṣe ìjíhìn. Ìkíni ni.

Ìwé ọmọ ilé ìwé kan ti tó. Kí á fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, oúnjẹ, oògùn, yíyípadà, ìtọ̀, ìgbẹ́, bí ara ti rí. Bí ọmọbìnrin náà kò bá lè kọ, kí ọmọ ilé-kéwú kan nínú agboolé máa bá a kọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Kí nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà tí ó bá wá máa kọ́kọ́ béèrè ìwé náà kí ó tó wo aláìsàn. Bí ẹnì kan bá sì ń yí ìyá padà ní wákàtí méjì méjì lóru, ẹ má retí pé kí ẹni náà tún gbálẹ̀, fọṣọ, kí ó sì dá oko ẹ̀gẹ́ lọ́sàn-án. Àwọn ará ilé gbọ́dọ̀ pín òru. Owó rẹ̀ náà, ẹ san án nígbà tí ó bá tó. A ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí á san owó alágbàṣe kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ, ṣùgbọ́n a mọ ilé tí ó jẹ ẹni tí ń nu ìgbẹ́ bàbá wọn ní owó oṣù mẹ́ta.

Ó ku ìhòòhò. Bí ọkùnrin bá wà tí ó lè wẹ bàbá, òun ni kí ó wẹ̀ ẹ́; bí obìnrin bá wà, òun ni kí ó wẹ ìyá. Bí kò bá sí, àìrójú-àìráyè gba ohun tí ìrọ̀rùn kò gbà, ṣùgbọ́n ibi tí à ń wẹ̀ lọ́wọ́ nìkan ni kí á ṣí, kí á da aṣọ bo ìyókù. Àwọn òwò kan kò gbọdọ̀ ti ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Ẹni tí ó ń ya fọ́tò aláìsàn níhòòhò sórí fóònù láti fi bẹ owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun, ó ti jalè lára àmáánà tí wọ́n gbé fún un.

Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ má kánjú wọ mọ́tò. Kí ẹni tí yóò máa tọ́jú aláìsàn gan-an wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n tí ó ń padà sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, kí òun náà sì tún un ṣe lójú nọ́ọ̀sì. Bí rọ́bà ìtọ̀ bá wà lára, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da àpò náà nù, kí ó sì gbé e kọ́ sí ìsàlẹ̀ ju ikùn lọ, kí ó má kan ilẹ̀. Ẹ béèrè irú àmì tí ẹ ó rí tí ẹ kò gbọdọ̀ fi di ọ̀la, ẹ béèrè ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ẹni náà lè kà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún rí aláìsàn àti ibi tí yóò jẹ́, bóyá sẹ́ńtà Ìdèrè tàbí Igbó-Ọrà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba nọ́ńbà tí ẹ ó máa pè ní wọ́ọ̀dù náà lọ́sàn-án àti lóru, kí ẹ sì pè é níbẹ̀ lójú wọn, kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń wọlé.